Bí Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé Ṣe Lè Gbé Kátálọ́ọ̀gù Kúrò Nínú Àpótí Káàdì Lọ Sórí Wẹ́ẹ̀bù

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó lè na ọwọ́ mú ìwé tí òǹkàwé bá béèrè láìwá a kiri, ṣùgbọ́n tí àyà rẹ̀ já nígbà tí ọ̀gá ní kí ó gbé kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn àkójọ àpèjúwe gbogbo ìwé ilé ìkàwé, kúrò nínú àpótí káàdì lọ sórí wẹ́ẹ̀bù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èmi náà nígbà tí iṣẹ́ yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé kékeré kan ní Garki, ní Àbújá, níbi tí Yorùbá tó ti Kubwa wá, Haúsá tó ti Nyanya wá àti Gbagyi tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gan-an ti ń jókòó sí ìdí tábìlì kan náà. Ohun tí ó fún mi ní ìgboyà ni pé mo rí i pé apá tí ó le jù nínú iṣẹ́ náà ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ni kí n ṣe àpèjúwe ìwé lọ́nà tí ẹni tí kò rí ìwé náà rí yóò fi rí i. Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí fún wa. Ibi tí a ó kọ àpèjúwe náà sí ni ó yí padà, àwọn lẹ́tà tí a ó fi kọ ọ́ sì wá ń béèrè ìṣọ́ra tí káàdì kò béèrè lọ́wọ́ wa rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú pẹpẹ kan ṣoṣo

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilé ìkàwé. Ẹ mú pẹpẹ kan tí ìwé orí rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún lọ, kí ó sì jẹ́ èyí tí àwọn òǹkàwé ń béèrè jù, nítorí pé iṣẹ́ tí ènìyàn kò tètè rí èrè rẹ̀ a máa sú u kí ó tó dé ìdajì. Pẹpẹ àwọn ìwé tí a fi èdè Nàìjíríà kọ ni èmi mú. Ẹ ka iye ìwé orí pẹpẹ náà, ẹ fi káàdì kọ̀ọ̀kan wé ìwé tirẹ̀, ẹ ya káàdì tí a kò rí ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ sì ya ìwé tí kò ní káàdì sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbé àṣìṣe inú àpótí káàdì sórí wẹ́ẹ̀bù láìtún un ṣe, kò ní parẹ́, ńṣe ni àwọn tí yóò máa ṣì lọ́nà nítorí rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó nípọn. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́, àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, ni kí ẹ kọ síbẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹni tí ó ń ṣàlàyé fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ètò tí ẹ fẹ́ lò kí ẹ tó gbé e kalẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo dábàá fún ilé ìkàwé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni Koha. Ilé iṣẹ́ Katipo Communications ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1999 fún àwọn ilé ìkàwé Horowhenua ní orílẹ̀-èdè New Zealand, nítorí pé ètò tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ wọ ọdún 2000, oṣù kìíní ọdún 2000 náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀bùn ni koha túmọ̀ sí ní èdè Māori, ẹ̀bùn náà ni ó sì jẹ́, torí pé ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe, láìsan owó ìwé àṣẹ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò ní náni lówó. Kọ̀ǹpútà, iná àti ẹni tí yóò máa bójú tó o kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì yẹ kí ẹ sọ èyí fún ọ̀gá yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ọjọ́ tí a gbé e kalẹ̀ ni ìnáwó parí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ètò náà àti gbogbo àkọsílẹ̀ ìwé wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní sáfà, tí ó sábà máa ń lo Debian tàbí Ubuntu dípò Windows. Àwa òṣìṣẹ́ àti àwọn òǹkàwé kì í fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà tiwa, a kàn ń ṣí Firefox tàbí Chrome, a ń tẹ àdírẹ́sì sáfà náà, ojú ewé a sì ṣí. Ojú méjì ni Koha ní: ọ̀kan fún òṣìṣẹ́, níbi tí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ tí a sì ti ń yá ènìyàn níwèé, èkejì fún òǹkàwé, níbi tí wọ́n ti ń wá ìwé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó bá ti jẹ́ ti wẹ́ẹ̀bù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sáfà bá wà nínú yàrá yín, tí ẹ̀rọ Wi-Fi kan sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kátálọ́ọ̀gù yín yóò máa ṣí fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà bí dátà tilẹ̀ ti tán láti ìjẹta. Ọ̀nà yìí ni mo gbà yín níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ínfátà gbé sáfà àti ẹ̀rọ Wi-Fi nìkan, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í jẹ iná púpọ̀, ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ yóò sì lè wá ìwé nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ti kú. Lórí sáfà kan náà ni ẹ ti lè fi Kiwix sí, èyí tí ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ka Wikipedia láìlo dátà rárá. Mo kàn mẹ́nu bà á ni, torí ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè wa kò lágbára láti máa ra dátà fún ọmọ lójoojúmọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan kalẹ̀ fún yín, ẹ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé tí a ti ń dán Koha wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lo wákàtí kan níbẹ̀ ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ forúkọ òǹkàwé tí kò sí láyé sílẹ̀, ẹ yá a níwèé, ẹ gba ìwé náà padà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Ẹ má ṣe kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù òǹkàwé gidi síbẹ̀, nítorí pé gbogbo ayé ló ń wọ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé káàdì kan sójú, kí ẹ kọ́ MARC lára rẹ̀

MARC ni ọ̀nà tí ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé gbà ń kọ àpèjúwe ìwé fún kọ̀ǹpútà. Henriette Avram ni ó ṣáájú àwọn tó ṣe é ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1970, èyí tí a ń lò báyìí sì ń jẹ́ MARC 21. Bí ẹ bá wo àwọn nọ́ńbà rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù lè bà yín. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti kọ́ ọ ni pé kí ẹ mú káàdì kan tí ẹ fúnra yín kọ, kí ẹ fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè pé àyè wo ni ìlà yìí ń lọ.

Orúkọ òǹkọ̀wé ń lọ sí àyè 100. Àkọlé ìwé ń lọ sí 245, ibẹ̀ náà ni a sì ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó ṣe wà lójú ewé àkọlé gan-an. Ìlú tí a ti tẹ̀ ẹ́, olùtẹ̀jáde àti ọdún wà ní 264. Iye ojú ewé àti gígùn ìwé wà ní 300. Kókó ohun tí ìwé náà dá lé wà ní 650, nọ́ńbà Dewey, tí a fi ń to ìwé gẹ́gẹ́ bí kókó rẹ̀, wà ní 082. Àyè 952 jẹ́ ti Koha fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni a ń kọ ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ó wà lọ́wọ́ wa sí, bíi nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé láti fi mọ ibi tó wà lórí pẹpẹ, àti báàkóòdù rẹ̀. Bí ẹ̀dà mẹ́ta ìwé kan bá wà lórí pẹpẹ, àkọsílẹ̀ kan ni ẹ ó ṣe, ẹ ó sì so 952 mẹ́ta mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tí a ti ń lo káàdì ti máa ń kọsẹ̀.

ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń tẹ̀ sára ìwé, ń lọ sí 020. Ìwé tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2007 wá ní nọ́ńbà mẹ́tàlá tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978: 978 àkọ́kọ́ fi hàn pé ìwé ni, èkejì fi hàn pé Nàìjíríà ni ó ti jáde, National Library of Nigeria ni ó sì ń pín nọ́ńbà náà fún àwọn olùtẹ̀jáde wa. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́yìn ìwé àtijọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé kò bá ní ISBN rárá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ, ìwé mọ́ṣáláṣí àti ìwé ìtàn ìlú kò ṣe ní, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófo, kí ẹ má ṣe hùmọ̀ nǹkan kan sí i.

Ohun kan wà tí ó fara sin tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Nínú àyè 008 ni a ti ń fi lẹ́tà mẹ́ta sọ èdè tí a fi kọ ìwé: yor fún Yorùbá, hau fún Haúsá, ibo fún Ìgbò. Bí a kò bá yí i padà, eng ni Koha yóò fi síbẹ̀, ọjọ́ tí olùkọ́ kan bá sì wá béèrè gbogbo ìwé Yorùbá tí ẹ ní, kátálọ́ọ̀gù yóò sọ fún un pé kò sí ọ̀kan. Koòdù Nàìjíríà nínú àyè kan náà ni nr. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sára ògiri iwájú yín.

Ní ti orúkọ ènìyàn, ẹ fẹnu kò sórí ọ̀nà kan kí ẹ sì dúró tì í. Bí ẹnìkan bá kọ Ṣóyínká, Wọlé, tí ẹlòmíràn kọ Soyinka, Wole, òǹkọ̀wé méjì ni wọn lójú ẹ̀rọ. Koha ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ kan gẹ́gẹ́ bí èyí tí a yàn, tí a sì ń kọ àwọn ọ̀nà yòókù sí àyè 400 gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ka. Ní òkè ọya níbí, iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí ní Ìbàdàn lọ, torí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin Haúsá ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìkẹyìn, orúkọ baba ni ti àwọn mìíràn, Alhaji àti Malam sì sábà máa ń wà níwájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà kí ẹ tó pinnu èyí tí ẹ ó fi ṣíwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́jú àwọn lẹ́tà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí pé àwọn ìwé ìlànà tí a ń kà kì í sábà ronú nípa èdè wa, ilé ìkàwé Àbújá sì ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lójú wa, ẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun méjì tàbí mẹ́ta tí a tò pọ̀ ni. Ẹnìkan lè tẹ lẹ́tà ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e lórí, ẹlòmíràn lè tẹ lẹ́tà é kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ẹnì kẹta sì lè tẹ lẹ́tà e lásán kí ó wá fi àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ fi pamọ́ yàtọ̀ síra. Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà, fún lẹ́tà ẹ ní U+1EB9, ó fún lẹ́tà ọ ní U+1ECD, ó sì fún lẹ́tà ṣ ní U+1E63. Kò fún lẹ́tà ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, dandan ni kí a so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́. Ọ̀nà tí a ń pè ní NFC ni ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín gbé Koha kalẹ̀ pé kí ó rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yín ń wọlé.

NFC kò wo gbogbo àrùn. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti ṣe. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n àmì ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ, ìyẹn U+0329, kò sì ní bá U+0323 tó jẹ́ àmì róbótó dọ́gba láéláé. Ẹ yan àmì róbótó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín pé èyí ni ìpinnu ilé ìkàwé yín.

Ní ti bí a ó ṣe tẹ̀ ẹ́, Windows ní bọ́tìnnì èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò nínú àwọn ètò rẹ̀, Ubuntu ní tirẹ̀ lábẹ́ Nigeria, Gboard sì wà fún fóònù. Ẹ ṣí èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ lo ọjọ́ mélòó kan láti máa tẹ àkọlé ìwé títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ ọn. Ẹ má ṣe máa gé ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì àtijọ́ wá lẹ̀ mọ́ Koha, nítorí pé àwọn fọ́ǹtì kan wà láyé ìgbà kan tí wọ́n fi lẹ́tà Yorùbá bo lẹ́tà mìíràn mọ́lẹ̀, bí a bá sì gbé e kúrò nínú fọ́ǹtì náà, rúdurùdu ni yóò hàn.

Òǹkàwé ni ó kù. Ẹni tó di fóònù mú kì í tẹ àmì. Yóò tẹ oko, yóò sì máa retí pé ìwé nípa oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni yóò jáde, kí ó wá mú èyí tó fẹ́. A kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí yọ àmì kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa, torí pé ẹni tó tẹ ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí i. Ìwákiri ni kí ó fojú fo àmì. Bí Zebra ni Koha yín fi ń wá nǹkan, ẹ béèrè bóyá ICU ni wọ́n yàn fún un, kì í ṣe CHR (ọ̀nà méjì tí Zebra gbà ń ka lẹ́tà ni wọ́n), ẹ sì béèrè kí iṣẹ́ tó pọ̀, nítorí pé ẹni tó bá yí i padà lẹ́yìn náà yóò ní láti tún gbogbo atọ́ka ṣe. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ kọ àkọsílẹ̀ kan tí ọkọ̀ wà nínú àkọlé rẹ̀, ẹ wá oko, ẹ wá ọkọ, ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ rí i bóyá ó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti Haúsá yàtọ̀, mi ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi dúró níwájú mi, tí ó tẹ dalibi, tí ó wò mí lójú tí ó ní, "Mama, babu," ìyẹn ni pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ó ń wá wà lẹ́yìn mi lórí pẹpẹ. Ɗalibi ni mo kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé náà. Àwọn lẹ́tà Haúsá bíi ɓ, ɗ àti ƙ kì í ṣe b, d àti k tí a fi àmì sí, lẹ́tà tó dá dúró ni wọ́n ní Unicode, nítorí náà ètò tó kàn ń yọ àmì kúrò lè má fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ìyàtọ̀ náà sì ní ìtumọ̀: ƙasa ni ilẹ̀, kasa ni kí nǹkan ṣòro fún ènìyàn láti ṣe. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ àkọlé náà bí ó ti tọ́ sí àyè 245, mo sì tún un kọ láìsí ìwọ̀ orí lẹ́tà, ìyẹn d dípò ɗ, sí àyè 246, tí ó wà fún àkọlé tí ó yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìwé Haúsá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó àkọsílẹ̀ púpọ̀ wọlé pọ̀

Ẹ fi ọwọ́ tẹ ogún ìwé àkọ́kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà méjì wà tí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní ni pé kí ẹ gba àkọsílẹ̀ tí ilé ìkàwé mìíràn ti ṣe nípasẹ̀ Z39.50, ìlànà tí kátálọ́ọ̀gù kan fi ń béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òmíràn, tí ó wà nínú Koha. Ẹ ó tẹ ISBN tàbí àkọlé, Koha yóò béèrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé ńlá bíi Library of Congress, yóò sì mú àkọsílẹ̀ wá. Ó wúlò gan-an fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Fún ìwé tiwa, kì í sábà sí níbẹ̀, bí ó bá sì wà, ẹ wo àmì ohùn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbà á.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ kọ àwọn ìwé náà sínú tábìlì bíi ti Excel, kí ẹ fi ètò tí ń jẹ́ MarcEdit sọ ọ́ di MARC, kí ẹ wá kó o wọlé. Níbí ni mo ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní fáìlì CSV kan, ìyẹn tábìlì tí a tọ́jú bí ọ̀rọ̀ lásán, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i, mo sì tọ́jú rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ẹ̀ àti ọ́ inú rẹ̀ ti di àmì tí kò ní ìtumọ̀, ISBN ti di 9.78E+12, òdo tó ṣáájú nọ́ńbà ìwé sì ti pòórá, bẹ́ẹ̀ ni mo kó wọn wọlé. Ohun tí ó kó mi yọ ni pé Koha kì í gbé àkọsílẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gù lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ "Stage records for import", ibòmíràn ni a ó ti wò wọ́n kí a tó gbà wọ́n, kódà lẹ́yìn tí a ti gbà wọ́n, a lè dá gbogbo wọn padà.

Nítorí náà, ẹ fi LibreOffice Calc, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Excel, ṣí fáìlì náà dípò Excel, torí pé yóò béèrè lọ́wọ́ yín irú lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ yan UTF-8, ọ̀nà tí a gbà ń fi lẹ́tà Unicode pamọ́ sínú fáìlì, kí ẹ sì sọ fún un pé òpó ISBN àti òpó nọ́ńbà ìwé jẹ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe iye. Ẹ kó ìwé márùn-ún péré wọlé ní àkọ́kọ́, ẹ ṣí márààrún, ẹ ka lẹ́tà wọn. Bí ó bá dára, ẹ kó ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: báàkóòdù

Èyí kò le. Ẹ̀rọ tí ń ka báàkóòdù tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà ń ṣe bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà ni, kò sì nílò ètò kankan. Bí ẹ bá fẹ́ rà á ní Banex Plaza ní Wuse 2, ẹ mú ìwé kan dání, kí ẹ ní kí wọ́n fi í ka ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ojú ewé òfìfo níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ibi kan náà lára gbogbo ìwé, kí ẹ sì fi téèpù tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó, nítorí pé eruku ọyẹ́ a máa jẹ ẹ́ lójú.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀dà ìpamọ́, àti agùnbánirọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní àyíká wa ni ó jẹ́ pé agùnbánirọ̀ ni ó gbé Koha kalẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́ olóye ni wọ́n, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni iṣẹ́ ìsìnrú ìlú, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ á padà sí Kano tàbí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ ìwọlé sáfà á sì bá a lọ. Mo ti rí ilé ìkàwé tí kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tó lè wọlé ṣe àtúnṣe kankan. Ẹ ní kí agùnbánirọ̀ jókòó tì yín, kí ìka yín jẹ́ èyí tí ń tẹ bọ́tìnnì, kí ẹnu rẹ̀ máa sọ fún yín. Bí ó bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tètè bá yín ṣe é," ẹ dá a lóhùn pé, "Rárá, ọmọ mi, fi hàn mí." Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi sínú àpótí irin ọ̀gá, kí ẹ sì yí i padà ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́, àṣẹ tó ń jẹ́ koha-dump ni ó ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ àti ètò ilé ìkàwé yín pọ̀ sínú fáìlì, sínú àpò /var/spool/koha. Fáìlì tí ó wà lórí sáfà nìkan kò tí ì di ìpamọ́. Ẹ dà á sórí fúláàṣì méjì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ọ̀kan wà nínú ilé ìkàwé, kí èkejì wà níbòmíràn tí iná tàbí olè kò ti ní bá méjèèjì papọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fojú ara yín rí i pé ó ṣí. Bí iná bá lọ, tí ínfátà sì ń ké, ẹ pa sáfà bí ó ti tọ́ kí bátìrì tó tán pátápátá, kí ẹ sì ní ìwé kan lórí tábìlì tí ẹ ó máa kọ ìwé tí a yá àti èyí tí a dá padà sí títí iná yóò fi dé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ bo àṣírí òǹkàwé

Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kan ilé ìkàwé kékeré náà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àwọn ìwé tí ènìyàn yá jẹ́ àṣírí rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ohun tí ẹ kò nílò, ẹ kò nílò ọjọ́ ìbí àgbàlagbà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ láti yá a níwèé. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú ewé òǹkàwé kan han ẹlòmíràn, ìbáà ṣe bàbá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀. Obìnrin kan lè máa ka ìwé nípa àìsàn tí kò tí ì sọ fún ará ilé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ ṣí i fún àwọn òǹkàwé

Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ àkọ́kọ́ pé kí ẹ tó ṣí i. Ẹ tẹ àmì QR tí ó ní àdírẹ́sì kátálọ́ọ̀gù sórí ìwé ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì kọ ìlà mẹ́ta péré sí abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì nípa bí a ṣe ń wá ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp kéde ìwé tuntun, ẹ mọ̀ pé ènìyàn 256 ni àkójọ ìkéde kan lè gbà, àti pé ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà.

Nígbà tí ó bá tó àkókò kí kátálọ́ọ̀gù jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò, ojú ti òǹkàwé nìkan ni kí ó jáde, kí ojú ti òṣìṣẹ́ dúró sínú ilé, kí àdírẹ́sì náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ohun tí òǹkàwé ń tẹ̀. Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà òǹkàwé, kí ẹni tó bá wá nǹkan tí kò rí kọ ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú un, ẹ lọ sí ìdí pẹpẹ, ẹ wò ó bóyá ìwé náà wà. Bí ó bá wà, àkọsílẹ̀ wa ni kò dára tó, ẹ sì tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má tíì gbé àpótí káàdì kúrò. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé tó wà lórí pẹpẹ wa sínú ìwé náà, ẹ yọ káàdì pẹpẹ yẹn nìkan, ẹ dì wọ́n, ẹ kọ déètì sí wọn lára, kí ẹ sì bọ́ sórí pẹpẹ kejì.